Ohùn Tí Ó Ṣáájú Ewu: Ìmọ̀ Ẹ̀rọ àti Ẹ̀mí Arìnrìn-àjò ní Ọ̀nà Èkó sí Abidjan



Kò sí ẹni tí ó ti rin ọ̀nà wa yìí, láti Èkó sí Abidjan, lóru tí kò rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí rí. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kú sójú títì, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ọkọ̀ yóò ṣe, kí ó tó ronú kan mẹkáníìkì tàbí oúnjẹ alẹ́ rẹ̀, ni pé yóò wọ inú igbó etí ọ̀nà lọ, yóò ṣẹ́ ẹ̀ka igi tútù, yóò sì máa tò ó sílẹ̀ láti ìdí ọkọ̀ náà lọ sẹ́yìn, kí ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè lè mọ̀ pé nǹkan ń bẹ níwájú tí kò ṣeé kọlù. Òfin sọ pé kí ó gbé àmì onígun mẹ́ta tí iná ọkọ̀ ń mú kọ mànà kalẹ̀; ṣùgbọ́n àmì a máa sọnù, olè a máa gbé e, wọ́n a sì máa yá a fún ọlọ́kọ̀ mìíràn lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá bá ń yẹ ọkọ̀ wò, nígbà tí ewé kì í tán nígbó. Àwọn baba wa tí ń fi owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn pa àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn, tí wọ́n ń fi ààlè sí oko kí olè lè mọ̀ pé olóko kò sùn, tí wọ́n sì ń fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ wọ̀, ìbá dá ewé yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí a fi sílẹ̀ de ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí a kò sì ní dúró fojú kàn. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo, àléébù ńlá sì ni, ni pé nígbà tí a bá ti tún ọkọ̀ náà ṣe tán, tí ó ti bá tirẹ̀ lọ, ọmọ ọkọ̀ kì í padà wá kó ewé rẹ̀. Ewé àná yóò wà níbẹ̀ títí di ọ̀tunla, awakọ̀ tí ó bá sì ti dẹsẹ̀ lásán lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí ewé tí kò ní ọkọ̀ lẹ́yìn kò ní dẹsẹ̀ mọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹrin.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba ọ̀nà púpọ̀ kí ó tó délé. Mo fẹ́ sọ pé nínú gbogbo ẹ̀rọ tí ọmọ aráyé ti ṣe láti fi dá ikú dúró lójú ọ̀nà, èyí tí ó tètè kìlọ̀ ni ó níye lórí jù lọ. Pé ìkìlọ̀ tí a sọ ní èdè tí arìnrìn-àjò kò gbọ́ kò yàtọ̀ sí ìdákẹ́rọ́rọ́. Àti pé ní ọ̀nà tiwa yìí, tí ó gba àárín orílẹ̀-èdè márùn-ún kọjá, a ti náwó sí ọ̀dà àti kọnkéré ju bí a ti náwó sí ohùn lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ ti ogun náà fún arọ, èdè wo ni ó sì fi ń sọ ọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò kékeré kan. Ọkọ̀ tí ń sá eré kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń gba mítà 25 kọjá láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí kò ju ìgbà tí ènìyàn fi lè sọ pé “Olúwa gbà wá” lọ. Iná ọkọ̀ tí a tẹ̀ sílẹ̀, kí ó má baà fọ́ ẹni tí ń bọ̀ lójú, kì í sábà ríran ju mítà 50 tàbí 60 lọ. Nítorí náà, láti ìgbà tí awakọ̀ bá ti kọ́kọ́ tajú kán rí ìdí tírélà tí kò ní iná títí di ìgbà tí yóò fi kọlù ú, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni ó ní; nínú méjèèjì yìí, ọ̀kan ti lọ kí ojú tó sọ fún ọkàn, kí ọkàn tó sọ fún ẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó tẹ bíréèkì, èyí tí ó sì ṣẹ́ kù kò tó láti dá ọkọ̀ tí ó kún fún èrò àti ẹrù dúró. Ẹni tí ó bá sọ pé bíréèkì tuntun ni yóò gbà wá, kí ó padà lọ ṣe ìṣirò náà. Láti ẹ̀yìn mítà 60 yẹn, láti ibi tí iná kò lè ríran dé, ni ìgbàlà ti gbọ́dọ̀ wá, ohun tí ó sì lè ti ibẹ̀ wá kò ju ìròyìn lọ.

Ẹ̀yin àgbà inú wa yóò rántí ohun kan tí àwọn ọmọ òde òní lè pè ní àlọ́. Títí di ọdún 1972, apá òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi lélẹ̀, nígbà tí Dàhòmì, Benin òde òní, tí ó wà lábẹ́ Faransé tẹ́lẹ̀, ń gba apá ọ̀tún. Oníṣòwò tí ó bá gbéra láti Accra, tí ó ń lọ sí Èkó, apá òsì ni yóò gbà ní ilẹ̀ Gana títí dé Aflao. Bí ó bá ti wọ Lomé yóò bọ́ sápá ọ̀tún. Ọ̀tún náà ni yóò gbà la Kútọnu já. Bí ó bá sì ti dé ibodè Ìdìrókò, yóò tún padà sápá òsì. Awakọ̀ tí oorun ń kùn, tí ó ti jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdájí, ni a ní kí ó rántí gbogbo ìyẹn! Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà yí padà sápá ọ̀tún, Gana sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1974, tí gbogbo etíkun wa yìí fi wá ń gba apá kan náà.

Ilẹ̀ Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, mo sì fẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí tiwọn, nítorí ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ń pariwo ọjọ́ náà: wọ́n tẹ àmì rẹ̀ sára páálí wàrà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ pàápàá, wọ́n fi kọrin, wọ́n fi í sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, títí tí kò fi sí àgbàlagbà tàbí ọmọdé tí ó lè sọ pé òun kò gbọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń retí òkìtì òkú rí ohun tí wọn kò retí: ìjàǹbá dín kù ní ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, nítorí pé kálukú ń wakọ̀ tìṣọ́ratìṣọ́ra. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nígbà tí ariwo rọlẹ̀, tí ojú sì ti mọ́ wọn, ìjàǹbá tún padà sí iye tí ó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ wọn kò yí padà láàrin ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì wọn; ìkìlọ̀ ni ó pọ̀, tí ó sì wá dín.

Ọ̀nà tí à ń wí yìí, láti Èkó gba Kútọnu, Lomé àti Accra títí dé Abidjan, gùn tó kìlómítà 1,028. Ní ọdún 2014 ni àwọn olórí orílẹ̀-èdè márààrún fọwọ́ sí àdéhùn pé àwọn yóò sọ ọ́ di ọ̀nà márosẹ̀ ńlá kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Buhari, tí ó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, àti Talon, tí ó jẹ́ Ààrẹ Benin, ṣí ibodè alájùmọ̀lò ní Sèmè-Kraké, kí aṣọ́bodè Nàìjíríà àti ti Benin lè máa jókòó sí ojú kan. A kí wọn kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dúró sí ibodè náà, kí ẹ sì wo ẹni tí ń kọjá. Awakọ̀ tí ó ń bọ̀ láti Mushin ní Èkó gbọ́ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí a fọ́ sí wẹ́wẹ́. Pátákó àkọ́kọ́ tí yóò pàdé, Faransé ni wọ́n kọ sí i. Èyí tí ó ń ti Lomé bọ̀ gbọ́ Mina àti Faransé. Bí ó bá wọ Badagry, Gẹ̀ẹ́sì ni pátákó ń bá a sọ. Ẹlẹ́rù tí ó gbé àlùbọ́sà láti Malanville ní àríwá Benin lè má gbọ́ ju Dendi àti Hausa lọ. Gbogbo wọn ń sá eré kìlómítà 90, gbogbo wọn sì ń kọjá lára ọ̀rọ̀ tí a kọ fún ẹlòmíràn.

Nípa iye ẹ̀mí tí ń bọ́, n kò fẹ́ fi òǹkà bo yín mọ́lẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìwé tí ó gbé jáde ní 2023 pé ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 190 ni ojú ọ̀nà ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àti pé òun ni ó ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 5 títí dé 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà, tí ọkọ̀ rẹ̀ kéré jù, ni ó sì ń rí èyí tí ó burú jù bí a bá fi wé iye ènìyàn tí ń gbé inú rẹ̀. Nílé wa ní ilẹ̀ Benin níhìn-ín, ta ni ó ti gbàgbé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù forí gbárí nítòsí Ìdààṣà, tí iná sì sọ, tí ènìyàn tí ó lé ní ogún sì bá a lọ? Àwa Yorùbá a máa gbàdúrà pé kí a má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, àdúrà náà sì dára. Ṣùgbọ́n Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn-mọlẹ̀, tí àwọn awakọ̀ ń pa ajá fún, àwọn baba wa kò sọ fún wa pé àdúrà ni ó fi la ọ̀nà fún àwọn òrìṣà ìyókù nígbà tí igbó dí mọ́ wọn níwájú. Irin ni ó fi là á.

Ìtàn ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1868 ni wọ́n gbé iná adarí ọkọ̀ àkọ́kọ́ dúró níwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní London, nígbà tí ẹṣin ṣì ń fa ọkọ̀. Gáàsì ni wọ́n ń dá nínú rẹ̀, kò sì pẹ́ tí gáàsì náà fi bú gbàmù, tí ó ṣe ọlọ́pàá tí ń yí i léṣe. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ adúláwọ̀ kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti wà lóko ẹrú rí, Garrett Morgan, gba ìwé àṣẹ ní 1923 fún àmì kan tí kì í ṣe “dúró” àti “máa lọ” nìkan ni ó ní, ṣùgbọ́n tí ó tún ní ipò kẹta tí ń dá gbogbo ẹgbẹ́ dúró kí ìyípadà tó dé. Ẹni tí ó bá mọ bí ojú ìkóríta Étoile Rouge ní Kútọnu ti ń rí ní agogo méje àárọ̀, nígbà tí ọ̀wọ́ zémìjàn, àwọn ọlọ́kadà aláṣọ ìyeyè wa, bá rọ́ dé ìdí iná, tí wọ́n sì ti ń fi ẹnu táyà ra ilẹ̀ kí àwọ̀ tó yí, yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ipò kẹta yẹn kò tíì wọ̀ wá létí tán.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn ni ti Percy Shaw, ará Yorkshire kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títún ọ̀nà ṣe. Ní 1934 ni ó ṣe ẹyin dígí kéékèèké méjì-méjì, ó tẹ̀ wọ́n sínú rọ́bà, ó sì gbìn wọ́n sí àárín títì. Kò ní wáyà, kò ní bátìrì, kò bèèrè iná mànàmáná lọ́wọ́ ìjọba kankan. Ìmọ́lẹ̀ ọkọ̀ tí ń bọ̀ ni ó ń gbà, tí ó sì ń dá a padà fún ẹni tí ó ni ín, tí ìlà ọ̀nà yóò fi yọ nínú òkùnkùn jìnnà ré kọjá ibi tí iná ọkọ̀ ti lè fi ojú títì lásán hàn. Bí táyà bá gun orí rọ́bà náà, yóò tẹ̀, yóò sì fi omi òjò tí ó ti gbè sínú ihò rẹ̀ nu dígí náà mọ́. Ẹ̀rọ tí ń wẹ ojú ara rẹ̀ ni. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tí wọ́n gbọ́ “ìmọ̀ ẹ̀rọ”, tí ọkàn wọn kàn fò lọ sí sátẹ́láìtì. Nígbà ọyẹ́, nígbà tí ìkùukùu bá bo ọ̀nà Ìdààṣà sí Ṣábẹ láti òru títí di agogo mẹ́jọ àárọ̀, n kò mọ ẹ̀rọ olówó ńlá kan tí ó lè ṣe fún wa ju kí ẹyin dígí wà lójú títì, kí bébà tí ń kọ mànà sì wà ní ìdí gbogbo tírélà. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tí ń gé ọ̀já rẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sórí ohùn gan-an. Ní 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé-iṣẹ́ rédíò kan sílẹ̀, 96.1 FM, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó sọ fún ará ìlú ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà, ibi tí ọkọ̀ ti dànù, àti ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Àwọn olùgbọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń fóònù wọlé láti sọ ohun tí ojú wọn rí. Èyí jẹ́ ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀, nítorí kò sí ìjọba tí ó lè fi ọlọ́pàá sí gbogbo ìkóríta, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìkóríta tí kò sí ẹni tí ó ní fóònù. Àwọn Faransé ti lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ: 107.7 FM ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀nà márosẹ̀ wọn, débi pé ẹni tí ó bá gbéra láti àríwá lọ sí gúúsù kò níláti máa yí rédíò rẹ̀ kiri. Àwọn ará Jámánì náà, ní ọdún 1974, ṣe rédíò ọkọ̀ kan tí ń gbọ́ àmì ìkọ̀kọ̀ láti ilé-iṣẹ́ rédíò. Bí ìròyìn ọ̀nà bá ti dé, bí awakọ̀ tilẹ̀ ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, rédíò náà yóò dá orin dúró, yóò gbé ohùn sókè, yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kí ó tó jẹ́ kí orin máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹ fojú inú wò ó ní ọ̀nà tiwa: kí Ayinde Barrister máa kọrin lọ láti Èkó, kí ohùn kan sì dá a dúró ní Ekpè nílẹ̀ Benin, kí ó sọ ní Yorùbá pé, “Awakọ̀, tírélà kan ti dábùú ọ̀nà níwájú ibi tí a ti ń gba owó, ẹ dẹsẹ̀,” kí ó tún un sọ ní Fọ̀n, ní Mina, ní Faransé, kí Barrister sì wọlé padà.

Ẹnìkan lè sọ pé èdè ti pọ̀ jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Rédíò ìjọba ilẹ̀ Benin ti ń fi Fọ̀n, Yorùbá, Bariba, Dendi àti àwọn èdè mìíràn sọ ìròyìn láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wà, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lè tú ìròyìn Faransé sí Yorùbá lẹ́nu kan náà bí wọ́n ti ń kà á. Àìsí àdéhùn láàrin orílẹ̀-èdè kan sí èkejì ni ìṣòro náà. Ohun tí Èkó mọ̀ nípa ọ̀nà Badagry kì í kọjá Sèmè, ohun tí Kútọnu sì mọ̀ kì í kọjá Kraké, bí ẹni pé ìjàǹbá náà ń gba ìwé ìrìnnà kí ó tó kọjá.

Fóònù alágbèéká ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń retí pé kí n fi ṣáájú, ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń ṣe dáadáa àti ohun tí kò lè ṣe. Àwọn sátẹ́láìtì tí ń yí ayé po ń fi àmì ránṣẹ́. Fóònù ń wọn bí ó ti pẹ́ tó kí àmì kọ̀ọ̀kan tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ mọ ojú ibi tí ó wà. Bí ẹgbẹ̀rún fóònù bá wà lójú títì, tí gbogbo wọn sì ń rá pálá, Google yóò kun ọ̀nà náà ní pupa lójú àwòrán rẹ̀. Ìyanu ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pupa náà mọ̀ pé nǹkan ń falẹ̀ ni, kò mọ ìdí rẹ̀. Bóyá ọjà ni, bóyá òkú ni wọ́n ń gbé lọ sin, bóyá ọkọ̀ epo ni ó ṣubú tí àwọn ọmọ ti ń gbé garawa lọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí iná tí ó jó ibùdó epo fàyàwọ́ tí à ń pè ní kpayo ní Sèmè-Kraké ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, tí ẹ̀mí tí ó lé ní ọgbọ̀n bá a lọ, yóò mọ̀ pé ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin “ọ̀nà ń falẹ̀” àti “epo ń dà, ẹ sá sẹ́yìn”. Ojú ènìyàn ni ó lè sọ èkejì yẹn. Ní Kútọnu, a ní ojú bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀: zémìjàn kan kò jìnnà sí èkejì láti Akpakpa títí dé Godomey, nọ́ńbà wà lẹ́yìn aṣọ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń gba iṣẹ́ lórí fóònù lọ́dọ̀ irú ilé-iṣẹ́ Gozem, tí ó ti Togo wá. Bí wọ́n bá lè fi fóònù gba èrò, ó yẹ kí wọ́n lè fi bọ́tìnnì kan ròyìn ìjàǹbá, kí a sì san owó kékeré fún wọn lórí ìròyìn tí ó bá jẹ́ òótọ́. Àwọn awakọ̀ wa ti mọ iṣẹ́ yìí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣebí wọ́n ń ṣẹ́ iná sí ara wọn lójú títì? Ó kàn jẹ́ pé nípa ọlọ́pàá tí ó wà níwájú ni wọ́n ń fi iná náà kìlọ̀ fún ara wọn jù.

N kò sọ pé kí a má ra kámẹ́rà. Abidjan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà mú àwọn arúfin ọ̀nà láti 2021. Ẹ̀rọ a ya àwòrán nọ́ńbà ọkọ̀, ìwé owó ìtanràn a sì tọ ẹni tí ó ni ọkọ̀ lọ. Kámẹ́rà kì í gba owó ẹ̀yìn, kì í mọ ọmọ ìyá, kì í sì bẹ̀rù ọkọ̀ olówó ńlá. Ìyẹn nìkan tó láti fi yìn ín níbi tí a wà yìí. Ní Nàìjíríà, Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tí a dá sílẹ̀ ní 1988, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e ní 2016 pé kí ọkọ̀ èrò ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá ìwọ̀n. Èyí náà dára. Ohun tí ń kọ mí lóminú ni pé kámẹ́rà ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí ó sì ti kú kò lè san owó ìtanràn. Bí owó tí ó wà lọ́wọ́ kò bá tó méjèèjì, ohùn ni kí a kọ́kọ́ rà.

Ìgbà kan sì wà tí ìkìlọ̀ ti kọjá, tí ìgbàlà kù sọ́wọ́ ẹni tí ó bá tètè gbọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2018, gbogbo irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí yóò pe 112 fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ náà bá forí sọ nǹkan, tí yóò sì sọ ojú ibi tí ó wà, bí gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ ti dákú. Tiwa ń kọ́? Ní Nàìjíríà, 122 ni a ń pe Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó; ní Benin, 118 ni a ń pe àwọn panápaná. Ará Ìbàdàn tí ọkọ̀ rẹ̀ bá dojú dé ní Pahou nílẹ̀ Benin, 122 ni yóò máa tẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, nọ́ńbà náà kò sì ní já síbì kankan. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo kìlómítà 1,028 yìí kò ní ná wa tó ìdá kékeré nínú owó afárá kan.

Ní ibi tí a dé yìí, mo ní àbá kan tí kò nílò ọ̀dà, tí kò nílò òpó, tí ó sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀nà márosẹ̀ tuntun tó dé. Gbogbo ẹni tí ó ti gba Sèmè kọjá mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ bá ti wọ ilẹ̀ kejì, fóònù a dún nínú àpò: ilé-iṣẹ́ fóònù ti mọ̀ pé o ti rékọjá, ó sì ti kọ̀wé kí ọ káàbọ̀, kí ó lè sọ iye tí ìpè rẹ yóò jẹ fún ọ. Wọ́n mọ ibi tí arìnrìn-àjò ti ń bọ̀, wọ́n mọ wákàtí tí ó wọlé. Owó ìpè nìkan ni wọ́n rí bá a sọ. Kí ìjọba Nàìjíríà àti ti Benin fi dandan lé e pé kí ìkíni náà mú nọ́ńbà àwọn panápaná àti ti ọlọ́pàá dání, kí ó sì jẹ́ ohùn, kì í ṣe ìwé nìkan, nítorí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìdarí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa kàwé, àwọn kan sì wà tí wọn kò lè kà á. Irú ẹ̀rọ mìíràn wà tí òpó fóònù kan lè fi bá gbogbo fóònù tí ó wà ní àyíká rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìmọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Bí ọkọ̀ epo bá ṣubú ní Ekpè, òpó Ekpè ni yóò sọ ọ́, ará Parakou tí ó jìnnà réré kò ní gbọ́ ohun tí kò kàn án. Nígbà tí ọ̀nà bá sì ti là, òpó kan náà ni kí ó sọ pé ó ti là, láàrin wákàtí kan náà, kí ọ̀rọ̀ má baà pẹ́ lójú ọ̀nà ju ewu tí ó ń sọ lọ.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ tí a kọ ní Faransé ìwé òfin, tí a wá tú sí Yorùbá ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, kò ní dá awakọ̀ kankan dúró. “Ẹ dẹsẹ̀” yá ju “ẹ jọ̀wọ́ ẹ dín ìwọ̀n ìsáré ọkọ̀ yín kù” lọ, ìṣẹ́jú-àáyá tí a sì jèrè láàrin méjèèjì jẹ́ mítà 25 tí ẹ ti mọ̀. Nítorí náà, mo bẹ àwọn tí wọ́n ń ṣe ètò ọ̀nà márosẹ̀ yìí ní àjọ ECOWAS pé, nínú ìgbìmọ̀ tí yóò kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ jókòó, kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò jókòó, ṣùgbọ́n, ó kéré tán, kí ìdajì ìjókòó náà jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ti fi òru wakọ̀ láti Èkó dé Lomé fún ọdún púpọ̀, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ pé ó gùn jù sì di èyí tí a gé.

Àkókò ìbéèrè ti tó, ìbéèrè ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́.